Ìbéèrè Ìwẹ̀fà

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń múra láti gun àga ìwàásù, ìtìjú mi ni màá fi bẹ̀rẹ̀. Ọdún kẹta tí mo di oníwàásù ni, lọ́jọ́ Ẹtì Rere. Mo ṣí Sekaráyà orí 13, ẹsẹ 6, níbi tí wọ́n ti bi ọkùnrin kan léèrè ọgbẹ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, tó sì fèsì pé ilé àwọn ọ̀rẹ́ òun ni wọ́n ti ṣe òun bẹ́ẹ̀. Mo ké, mo fò, mo ní ọgbẹ́ ìṣó rèé, ilé ọ̀rẹ́ rèé, kí lẹ tún ń wá? Ìjọ hó yèè. Nígbà tí a túká, ìyá àgbà kan fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ṣí Bíbélì rẹ̀, ó fi ìka lé ẹsẹ 5.

"Olùkọ́ mi, ẹ má bínú. Ọkùnrin yìí ní òun kì í ṣe wòlíì, àgbẹ̀ lòun. Ṣé Jésù wa ló sọ bẹ́ẹ̀?"

Ilẹ̀ ò lanu. Láti ẹsẹ 2 ni wọ́n ti ń bá wòlíì èké wí. Ọ̀rọ̀ ẹlẹ́tàn ni mo fi sí Olúwa mi lẹ́nu, mo sì tún gba ìyìn lé e.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti sọ ìwẹ̀fà ará Etiópíà di ọ̀gá mi, ẹni tí Kándákè ọbabìnrin fi ìṣúra rẹ̀ lé lọ́wọ́, tí Fílípì bá lójú ọ̀nà Gásà nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 8. (Inú mi máa ń dùn pé ìwẹ̀fà ni Bíbélì wa pè é. Ẹni tó bá mọ ìtàn ààfin Ọ̀yọ́ mọ̀ pé ìwẹ̀fà kì í ṣe ẹni yẹpẹrẹ. Láyé àtijọ́, Ọ̀nà Ẹfà, ọ̀kan nínú wọn, a máa dá ẹjọ́ ní ipò Aláàfin.) Ó ń ka Àìsáyà 53 sókè, ó dé ibi àgùntàn tí wọ́n ń fà lọ pa, ó sì bèèrè bóyá ara wòlíì náà ló ń wí ni, tàbí ẹlòmíràn. Fílípì kò bá a wí. Ibi tí ọkùnrin náà dúró sí gan-an ló ti mú un dé ọ̀dọ̀ Jésù. Ẹ jẹ́ kí ìbéèrè yẹn dún létí ìjọ kí ẹ tó dáhùn rẹ̀. Àwa ti mọ ìdáhùn láti kékeré, ìdí nìyẹn tí a kì í fi í gbọ́ ìbéèrè mọ́.

Bí ẹ bá fẹ́ wàásù orí 53, ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti orí 53. Ó ti pẹ́ gan-an lẹ́yìn àwọn wòlíì kí wọ́n tó pín Bíbélì sí orí-orí, wọ́n sì gé ọ̀rọ̀ yìí sí méjì. Orí 52, ẹsẹ 13, ni orin náà ti bẹ̀rẹ̀, ìgbéga ló sì fi bẹ̀rẹ̀: a ó gbé Ìránṣẹ́ Olúwa ga, àwọn ọba yóò sì panu mọ́ níwájú rẹ̀. Ẹni tó bá fo ibẹ̀, ìyà nìkan ló máa rí. Ẹ tún sún sẹ́yìn sí i. Ní orí 49, ẹsẹ 3, Ọlọ́run dárúkọ ìránṣẹ́ yìí, Ísírẹ́lì ló pè é. Nígbà tó di ẹsẹ 5, ìránṣẹ́ kan náà ní iṣẹ́ òun ni láti mú Ísírẹ́lì padà wá. Ísírẹ́lì ni, síbẹ̀ Ísírẹ́lì ni wọ́n rán an sí. Ẹ má yára tú u. Ẹ jẹ́ kó dùn yín díẹ̀. Àwọn tí wọ́n kó lọ sí Bábílónì, tí tẹ́ḿpìlì wọn di eérú, ni ọ̀rọ̀ yìí ń tù nínú.

Ẹ má sì fi àwọn Júù ṣe yẹ̀yẹ́, pé ìbòjú ni kò jẹ́ kí wọ́n rí ohun tó hàn gbangba. Táàgọ́mù, ìtumọ̀ Árámáíkì tí wọ́n ń lò ní sínágọ́gù, pe Ìránṣẹ́ náà ní Mèsáyà, ṣùgbọ́n ó gbé ìyà náà kúrò lórí rẹ̀. Rashi, àgbà olùtumọ̀ ará Troyes ní ilẹ̀ Faransé, tó kú ní 1105, ní Ísírẹ́lì ni, àti pé àwọn orílẹ̀-èdè ni "àwa" tó ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ní 1096, àwọn jagunjagun tó ń lọ gba Jerúsálẹ́mù pa àwọn Júù ní Worms àti Mainz, ìlú tí Rashi ti kẹ́kọ̀ọ́ nígbà èwe rẹ̀. Àmì àgbélébùú ni wọ́n rán mọ́ aṣọ. Ta ló láyà láti bi irú ẹni bẹ́ẹ̀ pé kí ló dé tí kò rí àgbélébùú nínú Àìsáyà?

Àwọn ọmọ ẹ̀yìn méjì tó ń lọ sí Émáúsì náà mọ Àìsáyà, ìrètí wọn sì ti já nítorí pé wọ́n kan ẹni tí wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé mọ́gi. Àfìgbà tó jíǹde tó sì tú u fún wọn ni wọ́n tó mọ̀. Ẹ̀yìn ni àwa Kristẹni ti ka àsọtẹ́lẹ̀ yìí wá. Mo gbà pé Jésù ni, mo sì lè kú lé e. Ṣùgbọ́n ojú àjíǹde ni mo fi rí i, mi ò ní ṣe bí ẹni pé mo rí i kí ilẹ̀ tó mọ́.

Ẹ wo bí àwọn àpọ́sítélì ṣe lò ó. Mátíù gbé ẹsẹ 4 nínú orí 53 lọ sílé Pétérù ní Kápánáúmù, níbi tí ibà ti dá ìyá ìyàwó rẹ̀ dùbúlẹ̀. Ìwòsàn ló fi í ṣe. Nínú lẹ́tà Pétérù, orí kan náà ni ó fi tu àwọn ẹrú tí ọ̀gá ń lù láìṣẹ̀ nínú. Wọn ò kà á bí ẹní ń ka owó ẹyọ. Ní ti Sáàmù 22 ẹsẹ 16, tí a máa ń fi halẹ̀, ìwé Hébérù tí àwọn Júù ń kà sọ̀rọ̀ kìnnìún níbi tí tiwa ti sọ̀rọ̀ lílu. Ẹsẹ kìíní ni Jésù ké lórí igi; ibẹ̀ ni kí ẹ dúró sí.

Lọ́dún kejì, mo padà sórí àga yẹn lọ́jọ́ Ẹtì Rere, mo sọ fún ìjọ pé mo ṣi Sekaráyà kà. Ìyá àgbà wà ní ìlà kejì. Kò mi orí, kò rẹ́rìn-ín. Ó ti ṣí Bíbélì rẹ̀, ó ń dúró de ibi tí mo máa kà.