Ìjókòó kan ṣoṣo: ibo ni agbára ẹgbẹ́ kékeré ti ń wá?

Nínú NationStates, géèmù orí íntánẹ́ẹ̀tì tí Max Barry, òǹkọ̀wé ará Ọsirélíà, gbé jáde lóṣù kọkànlá ọdún 2002, kálukú ló ń dá orílẹ̀-èdè tirẹ̀ sílẹ̀ tó sì ń ṣàkóso rẹ̀. Àwọn orílẹ̀-èdè yìí máa ń kó ara wọn jọ sí agbègbè, àwọn agbègbè kan sì wà tí àwọn tó ń gbá géèmù náà ti dá ilé aṣòfin, ìdìbò àti ẹgbẹ́ òṣèlú sílẹ̀ fúnra wọn.

Irú ẹgbẹ́ kékeré bẹ́ẹ̀ ni mo wà. Àwa mẹ́rin péré ni. Nínú ìjókòó 15 tó wà nílé aṣòfin agbègbè wa, 1 ni tiwa. Ẹgbẹ́ A ní 7, Ẹgbẹ́ B náà ní 7. Nígbà tí Ẹgbẹ́ A ní ká tú ẹgbẹ́ wa ká, ká wá dara pọ̀ mọ́ àwọn, àwọn kan nínú wa fẹ́ gbà. Wọ́n ní kí ni ìjókòó kan fẹ́ ṣe? Mo ní ká kọ́kọ́ ṣírò rẹ̀ ná. Ìṣirò ọ̀hún kò le rárá, ẹ mú bírò.

Òfin kò lè kọjá láìní ìbò 8. Ẹ kọ gbogbo ọ̀nà tí ìbò fi lè pé:

A àti B: 14
A àti àwa: 8
B àti àwa: 8
Gbogbo wa: 15

Ní ìlà kọ̀ọ̀kan, ẹ wá bi ara yín pé: ta ló jẹ́ pé tó bá yọwọ́, ìbò ò ní pé mọ́? Ní ìlà mẹ́ta àkọ́kọ́, kò sẹ́ni tó lè yọwọ́ tí nǹkan ò ní bàjẹ́. Ní ìlà ìkẹyìn, ẹnikẹ́ni ló lè lọ. Ẹ kà á: A gba 2, B gba 2, àwa náà gba 2. Ẹni tó ní 7 àti ẹni tó ní 1, agbára kan náà! Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìyẹ.

Tí a bá wá dara pọ̀ mọ́ A ńkọ́? A á ní 8, kò sì ní nílò ẹnikẹ́ni mọ́. Ṣé ẹ rí i? Ohun tí wọ́n ń tọrọ lọ́wọ́ wa kì í ṣe ìjókòó kan, gbogbo ilé aṣòfin ni.

Orúkọ agbẹjọ́rò ará Amẹ́ríkà kan, John Banzhaf, ni wọ́n fi ń pe ìṣirò yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Lionel Penrose ti ṣe irú rẹ̀ ní Bírítéènì lọ́dún 1946. Lọ́dún 1965, Banzhaf yẹ ìgbìmọ̀ Nassau County ní ìpínlẹ̀ New York wò. Ọmọ ìgbìmọ̀ mẹ́fà ló wà níbẹ̀, iye ìbò wọn sì jẹ́ 31, 31, 28, 21, 2 àti 2. Ìbò 58 ni wọ́n nílò. Èyíkéyìí méjì nínú àwọn mẹ́ta àkọ́kọ́ ti tó. Láìsí méjì nínú wọn, ìbò ò lè ju 56 lọ. Nítorí náà, agbára ẹni tó ní 21 jẹ́ òdo, bíi ti ẹni tó ní 2. Àwọn ará ìlú rẹ̀ ń dìbò, wọ́n ń ka ìbò ọ̀hún, àmọ́ kò yí nǹkan kan padà.

Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé agbára kì í ṣe iye ìjókòó. Ibi tí àwọn yòókù dúró sí ló ń sọ bóyá o wúlò. Ẹ tún ṣọ́ra o: ìṣirò yìí gbà pé ẹnikẹ́ni lè bá ẹnikẹ́ni ṣe. Ẹgbẹ́ kékeré tó bá ti pariwo pé òun ò ní bá B ṣe láéláé ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ gba agbára lọ́wọ́ ara rẹ̀. Kí ni A tún fẹ́ fún un?

A ò tú ẹgbẹ́ wa ká. Òfin kọ̀ọ̀kan la ń dúnàádúrà lé lórí báyìí. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ tuntun kan ti ń yọjú, ó sì lè jẹ́ 6, 5, 3 àti 1 la máa bá nígbà ìdìbò tó ń bọ̀. Àwa la ṣì ní 1 yẹn. Ẹ bá wa ṣírò rẹ̀. Tó bá jẹ́ òdo lẹ rí fún wa, tí ẹ sì rí i pé ẹni tó ní 3 bá ẹni tó ní 6 dọ́gba, ẹ gbà á.