Ayùn Tí Kò Ní Eyín: Ẹ̀kọ́ fún Bíríkìlà àti Àwọn Tí Ń Tẹ́ Òkúta Àgbàlá

Ní Ihunbo, lójú ọ̀nà Ìdí-Ìrókò, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí ní púpọ̀ nínú àwọn ìlú ilẹ̀ Yewa, ilé búlọ́ọ̀kù ti ń gba ipò ilé alámọ̀, ẹni tí ó bá sì ní agbára a máa tẹ́ òkúta símẹ́ńtì tí a ń pè ní íńtálọ́ọ̀kì sí iwájú ilé rẹ̀, kí ẹrẹ̀ má baà yọ ọ́ lẹ́nu ní ìgbà òjò. Kò sí àgbàlá tí ó gún débi pé a kò ní gé lára òkúta wọ̀nyí kí wọ́n tó bá ògiri àti gọ́tà mu. Òòlù àti ṣísẹ́lì ni a fi ń ṣe é tẹ́lẹ̀ rí. Nísinsìnyí, ẹ̀rọ ọwọ́ tí ń yí irin róbótó ni ọ̀pọ̀ bíríkìlà ń lò, irin náà ni a sì ń pè ní ayùn dáyámọ́ńdì. Ó yára, ojú ibi tí ó bá gé a sì máa gún. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá mọ ìwà rẹ̀ yóò fi owó ṣòfò, ó sì lè fi ìka ọwọ́ tàbí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ san gbèsè àìmọ̀ náà.

Orúkọ nìkan ni ó fi jọ ayùn. Ayùn káfíńtà ní eyín tí ń já igi jẹ. Èyí kò ní eyín rárá. Hóró dáyámọ́ńdì wẹ́wẹ́, tí ó kéré bí yanrìn, ni a pò mọ́ lúbúlúbú irin, tí a fi iná àti agbára ẹ̀rọ tẹ̀ di ègé, tí a sì lẹ̀ mọ́ etí irin róbótó náà. Bí irin náà ti ń yí, àwọn hóró wọ̀nyí a máa lọ òkúta di ìyẹ̀fun, gẹ́gẹ́ bí ọlọ ti ń lọ ata. Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe rò pé dáyámọ́ńdì òrùka ìyàwó ni ó wà nínú rẹ̀. Ní ọdún 1955 ni ilé-iṣẹ́ General Electric ní Amẹ́ríkà kéde pé àwọn ti ṣe dáyámọ́ńdì pẹ̀lú ooru àti ìtẹ̀mọ́lẹ̀ ńlá, láti ara irú ohun dúdú kan náà tí ń bẹ nínú pẹ́ńsù ìkọ̀wé. Irú dáyámọ́ńdì àfẹ̀rọṣe bẹ́ẹ̀ ni ó mú kí ayùn yìí di ohun tí bíríkìlà lè rà.

Ibi tí ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ti ń ṣìnà nìyí. Hóró dáyámọ́ńdì náà a máa kú bí iṣẹ́ ti ń lọ. Nígbà náà, ó yẹ kí irin tí ó dì í mú jẹ díẹ̀, kí hóró tí ó ti kú jábọ́, kí òmíràn tí ó mú lè yọjú. Kí ni yóò jẹ irin náà? Òkúta tí a ń gé ni. Búlọ́ọ̀kù, yangí àti kankéré tuntun, tí yanrìn wọn rọrùn láti tú, a máa jẹ irin kíákíá. Nítorí náà irin líle ni ó yẹ wọ́n, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ayùn náà yóò tán láìpẹ́ ọjọ́. Akọ òkúta bí irú ti Abẹ́òkúta, tàbí táìlì dídán, kì í jẹ irin púpọ̀. Irin rírọ̀ ni ó yẹ wọ́n, kí hóró tuntun lè máa yọ. Èyí tí ó le fún èyí tí ó rọ̀, èyí tí ó rọ̀ fún èyí tí ó le: òdì sí ohun tí ènìyàn yóò kọ́kọ́ rò ni. Ilẹ̀ agbègbè Ihunbo jẹ́ ilẹ̀ yanrìn àti yangí, akọ òkúta kò sì sí nítòsí. Nítorí náà irin líle ni yóò wúlò jù fún oníṣẹ́ ibẹ̀ lójoojúmọ́, bí oníbàárà bá sì gbé táìlì dídán wá, kí ó pààrọ̀ ayùn.

Bí ojú ayùn bá ń dán tí kò sì lọ òkúta mọ́, kì í ṣe pé ó ti bàjẹ́. Kí oníṣẹ́ má ṣe fi agbára tẹ̀ ẹ́, nítorí ooru ni yóò bà á jẹ́ pátápátá. Kí ó fi gé àfọ́kù búlọ́ọ̀kù oníyanrìn ní ìgbà bíi mélòó kan. Yanrìn yóò jẹ irin, hóró tuntun yóò sì yọ. Ìyá tí ń gún ojú ọlọ tí ó ti dán jù kí ó tún lè ṣe ṣákiṣàki ti mọ ọgbọ́n yìí tipẹ́.

Ẹni tí ó bá ra ayùn rẹ̀ ní ìhà kejì ààlà, ní Ìgòlò tàbí ní Àjàṣẹ́, lè bá èdè Faransé lára rẹ̀. «Béton» ni kankéré, «carrelage» ni táìlì. «À sec» ni èyí tí a lè lò láìsí omi, «à eau» ni èyí tí omi kò gbọdọ̀ wọ́n fún. A tún máa ń kọ iye ìgbà tí ayùn lè yí ní ìṣẹ́jú kan sí i. Èyí tí ó fẹ̀ ní mílímítà 115 sábà máa ń gba 13,300; èyí tí ó fẹ̀ ní mílímítà 230 sábà máa ń dúró ní 6,650. Ẹ̀rọ kékeré a sì máa yí ní nǹkan bí 11,000. Nítorí náà, ẹni tí ó bá yọ ìbòrí ẹ̀rọ kékeré kí ayùn ńlá lè wọ̀ ọ́ ti mú un sáré kọjá ìwọ̀n rẹ̀ gidigidi, ègé tí ó bá sì já lára rẹ̀ yóò fò bí ọta ìbọn. Ìwà òmùgọ̀ ni, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ọ̀gá oníṣẹ́ mìíràn ń fi í yangàn.

Ṣùgbọ́n ewu tí ó burú jù kì í dún, kì í sì í ṣe ẹ̀jẹ̀. Nínú yanrìn tí a fi ṣe búlọ́ọ̀kù àti íńtálọ́ọ̀kì ni ohun kan wà tí à ń pè ní sílíkà. Nígbà tí ayùn bá lọ̀ ọ́, èyí tí ó kúnná jù, tí ojú kò lè rí, yóò wọ inú ẹ̀dọ̀fóró lọ jìnnà, ara kò sì lè lé e jáde. Ẹ̀dọ̀fóró a di àpá, a sì le, èémí a máa kúrú. Àìsàn yìí, tí àwọn oníṣègùn ń pè ní silicosis, kò ní ìwòsàn, ó sì ń ṣí ọ̀nà sílẹ̀ fún ikọ́ ife. Ó lè pẹ́ tó ọdún mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ó tó fi ara hàn. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ tuntun: ní ọdún 1930 ni àwọn oníṣègùn láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ pàdé ní Johannesburg nítorí rẹ̀. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Keje ọdún 2024, ilẹ̀ Ọsirélíà fi òfin de òkúta àtọwọ́dá tí a fi ń ṣe orí tábìlì ilé ìdáná, nítorí àwọn tí ń gé e, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò tíì dàgbà púpọ̀, ń kó àìsàn náà.

Ní ẹnu iṣẹ́, ọ̀gá ni ó di ẹ̀rọ mú, ọmọ iṣẹ́ ni ó bẹ̀rẹ̀ tí ó di òkúta mú, imú ọmọ yìí ni ó sì sún mọ́ ìyẹ̀fun jù. Aṣọ tí a dì mọ́ imú kò lè dá a dúró. Ìbòmú tí a ń pè ní N95 tàbí FFP3 lè ṣe é, bí ó bá lẹ̀ mọ́ ojú dáadáa. Omi sàn ju ìbòmú lọ, nítorí ó ń dín ìyẹ̀fun tí ń gbéra kù gidigidi. Fún ẹ̀rọ olópetírólù tí ó ní okùn omi, ìlànà àwọn aláṣẹ ààbò iṣẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni pé kí omi náà má dín ní ìdajì lítà ní ìṣẹ́jú kan. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ da omi sí ẹ̀rọ ọwọ́ oníná tí a kò ṣe fún un. Iná jẹnẹrétọ̀ ń pani gẹ́gẹ́ bí ti ìjọba.

Kò sì di dandan kí a fi ayùn gé ohun gbogbo. Irin ìlapa, tí ń la íńtálọ́ọ̀kì sí méjì, kì í mú ìyẹ̀fun tó bẹ́ẹ̀ wá. Ẹni tí ó bá wọn àgbàlá kí ó tó bẹ̀rẹ̀ lè tò ó kí èyí tí yóò gé dín kù, a sì lè bẹ àwọn tí ń ṣe búlọ́ọ̀kù pé kí wọ́n fi ìdajì búlọ́ọ̀kù kún un.

Bí iṣẹ́ bá parí, kí a fi ṣọ́bìrì kó ẹrẹ̀ tí omi àti ìyẹ̀fun pò pọ̀ kí oòrùn tó gbẹ ẹ́, nítorí bí ó bá gbẹ, yóò tún di eruku, àwọn ọmọdé a sì máa tẹ̀ ẹ́. Aṣọ iṣẹ́ pàápàá, kí a rẹ ẹ́ sínú omi kí a tó fọ̀ ọ́. Kí a má ṣe gbọ̀n ọ́n nínú ilé.