RẸ́GÍ-RẸ́GÍ LOHUN ẸNI Ń BÁ NI MU: Ẹ̀kọ́ Lórí Kọ̀ǹpútà Àjùmọ̀lò

Àwọn baba wa bọ̀, wọ́n ní aṣọ àgbàbọ̀ kì í yẹ ọmọ ènìyàn, rẹ́gí-rẹ́gí lohun ẹni ń bá ni mu. Orí òwe yìí ni ẹ̀kọ́ wa dá lé lọ́tẹ̀ yìí. A fẹ́ kọ́ bí ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ṣe lè fi ẹ̀rọ ayára-bí-àṣá kan ṣoṣo tó lágbára ṣe kọ̀ǹpútà fún ènìyàn mélòó kan, tí oníkálukú yóò sì máa lò ó láti inú búráúsà fóònù tàbí láptọ́ọ̀pù tirẹ̀.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi kàn wá

Láptọ́ọ̀pù tó lágbára kì í ṣe ohun tí gbogbo òbí lè rà. Ẹni tó ń ṣe ìṣirò ìwádìí, ẹni tó ń ya àwòrán ilé, ẹni tó ń kọ́ bí a ti ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, gbogbo wọn ló nílò agbára tí ẹ̀rọ kékeré kò ní. Àwọn kan a máa yá kọ̀ǹpútà lò lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ òkè òkun, wọn a sì máa sanwó lóṣooṣù. Èyí dára, ṣùgbọ́n ó ní ibi tó kù sí.

Abuja kò ní òkun. Èkó ni ọ̀pọ̀ jùlọ nínú okùn íntánẹ́ẹ̀tì tó ń gba abẹ́ òkun bọ̀ ti ń gúnlẹ̀, kí ó tó gba orí ilẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, okùn mẹ́rin, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, bàjẹ́ nítòsí Abidjan ní Côte d'Ivoire. Íntánẹ́ẹ̀tì ń tiro ní Nàìjíríà àti ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Ọ̀rọ̀ náà kan àwọn báńkì pàápàá.

Ẹ wò ó báyìí: akẹ́kọ̀ọ́ tó jókòó sí Gwagwalada, tí iṣẹ́ rẹ̀ wà nínú kọ̀ǹpútà kan ní London, òkun ló wà láàárín òun àti iṣẹ́ rẹ̀. Bí kọ̀ǹpútà náà bá wà nínú ọgbà ilé ẹ̀kọ́, tí a so ó mọ́ Wi-Fi ọgbà náà, kò sí òkun láàárín wọn mọ́. Lóòótọ́, ẹni tó bá fẹ́ ka ìròyìn ayé ṣì nílò íntánẹ́ẹ̀tì. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń kọ iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ yóò máa kọ ọ́ lọ.

Kí ni kọ̀ǹténà?

Ẹ jẹ́ kí á fi agbo ilé ṣe àpẹẹrẹ. Nínú agbo ilé, kànga kan ni gbogbo ènìyàn ń pọn, ògiri kan ló yí wọn ká, ṣùgbọ́n yàrá oníkálukú ní ilẹ̀kùn tirẹ̀. Kọ̀ǹpútà ìyá, tí àwọn Òyìnbó ń pè ní server, ni agbo ilé náà. Kernel, tó ń darí ohun gbogbo nínú rẹ̀, ni kànga. Kọ̀ǹténà kọ̀ọ̀kan ni yàrá. Linux ti ní ohun èlò fún irú yàrá bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n Docker, tó jáde ní ọdún 2013, ló mú un rọrùn fún tọmọdé tàgbà.

Bí a bá fẹ́ yàrá tuntun, a kì í bẹ̀rẹ̀ láti ìpìlẹ̀. Image ni a ń lò. Ó dà bí irin tí àwọn oníbúlọ́ọ̀kù fi ń gé búlọ́ọ̀kù: ọ̀kan ṣoṣo ni, àmọ́ àwọn tó ń tinú rẹ̀ jáde kò lóǹkà, gbogbo wọn sì rí bákan náà.

Báwo wá ni a ṣe ń rí inú yàrá láti òkèèrè? Àwọn onímọ̀ kan ní Cambridge, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló gbé ọgbọ́n tí wọ́n ń pè ní VNC jáde fún aráyé ní 1998. Àwòrán ojú kọ̀ǹpútà ni ó ń rìn wá sọ́dọ̀ wa. Bọ́tìnnì tí a tẹ̀ àti ìrìn máòsì wa ni ó ń padà lọ. Ọ̀dọ̀ kọ̀ǹpútà ìyá ni iṣẹ́ gidi wà. Ìdí nìyí tí fóònù kékeré fi lè ṣí iṣẹ́ ńlá.

Bí a ṣe ń gbé e kalẹ̀

Kasm Workspaces ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ. Ẹ̀dà ọ̀fẹ́ rẹ̀ gba ènìyàn márùn-ún lẹ́ẹ̀kan náà.

1. Ilé là á wò kí á tó sọmọ lórúkọ. Ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn tó ń mójútó nẹ́tíwọ́ọ̀kì ilé ẹ̀kọ́ yín ná.

2. Ẹ ṣírò agbára rẹ̀. Bí a bá fún ènìyàn kọ̀ọ̀kan ní RAM 2 GB, márùn-ún jẹ́ 10. Ẹ fi 4 kún un fún Kasm fúnra rẹ̀, ó di 14. Kọ̀ǹpútà tó ní 16 GB tó. Ẹ rí i dájú pé ààyè ìkófáìlìsí rẹ̀ tó.

3. Ẹ fi Ubuntu sí i, ẹ gba Kasm sílẹ̀ láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ tú u, kí ẹ sì tẹ: sudo bash kasm_release/install.sh. Ọjọ́ yìí ni dátà yóò lọ jù, nítorí àwọn image tóbi.

4. Ní ìparí, yóò kọ ọ̀rọ̀ aṣínà admin@kasm.local sójú kọ̀ǹpútà. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí búráúsà, kí ẹ tẹ https:// àti nọ́ńbà kọ̀ǹpútà ìyá náà, ẹ ó sì rí ojú ìwọlé.

5. Ẹ ṣètò ibi tí fáìlì oníkálukú yóò máa wà, èyí tí Kasm ń pè ní Persistent Profile. Ìgbésẹ̀ yìí ló ṣe kókó jù. Bí a bá ti pa kọ̀ǹténà, ohun gbogbo tó wà nínú rẹ̀ a pòórá bí a kò bá ṣètò rẹ̀.

Bí ilé ẹ̀kọ́ bá ti ní yàrá kọ̀ǹpútà tó kún fún ẹ̀rọ, Apache Guacamole ni kí ẹ wò. Ọ̀fẹ́ ni, iṣẹ́ tirẹ̀ sì ni láti mú àwọn kọ̀ǹpútà tó ti wà nílẹ̀ wá sínú búráúsà.

Ohun tí a ní láti ṣọ́

Iná lè lọ nígbàkigbà, nítorí náà inverter tàbí UPS kì í ṣe àṣerégèé. Ẹ má ṣe ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ sí gbogbo ayé láìlo VPN. Ẹ rántí pẹ̀lú pé kànga kan náà ni gbogbo yàrá ń pọn: bí ẹnìkan bá rí ọ̀nà ba kànga jẹ́, gbogbo agbo ilé ló kàn. Ẹ má ṣe kó ìwé àṣírí síbẹ̀. Láti oṣù kẹfà ọdún 2023 ni Nàìjíríà ti ní òfin tó ń dáàbò bo ìwífún ara ẹni, orúkọ àti fáìlì akẹ́kọ̀ọ́ sì wà lára ohun tó kàn.

Àǹfààní kan tún wà fún èdè wa. Bí a bá fi fọ́ǹtì Charis SIL sínú image lẹ́ẹ̀kan péré, àmì ohùn àti àmì abẹ́ ẹ, ọ àti ṣ yóò hàn bákan náà lójú gbogbo wa. Ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ kò ní máa yí padà láti kọ̀ǹpútà kan dé òmíràn.

Àmọ́ ọ̀tá ohun àjùmọ̀ní ni àìsí olùtọ́jú. Ọdọọdún ni àwọn olóyè ẹgbẹ́ ń kẹ́kọ̀ọ́ jáde. Bí ẹnìkan ṣoṣo bá mọ ọ̀rọ̀ aṣínà, ọjọ́ tó bá lọ ni agbo ilé tì pa. Ẹ jẹ́ kí ènìyàn méjì mọ̀ ọ́n, kí ọ̀kan nínú wọn wà ní ọdún kejì, kí ẹ sì kọ gbogbo ìgbésẹ̀ sínú ìwé ẹgbẹ́. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

Ìdánrawò

1. Kí ló mú kọ̀ǹténà jọ yàrá nínú agbo ilé?
2. Bí okùn abẹ́ òkun bá já lónìí, iṣẹ́ wo ni ẹ ó lè máa bá lọ, èwo ni yóò dúró?
3. Ẹ ṣírò RAM tí ènìyàn mẹ́ta yóò nílò bí ẹnì kọ̀ọ̀kan bá gba 3 GB, kí ẹ má gbàgbé ti Kasm fúnra rẹ̀.