Ẹ Kọ́kọ́ Tọ́jú Ohùn Àná

Ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́ mi ní Ìkìrun, ní Ìnísà, ní Òkukù, àti ẹ̀yin tí n kò kọ́ níṣẹ́ ṣùgbọ́n tí ẹ ń bá àwọn tí kò ríran tún kọ̀ǹpútà wọn ṣe: inú ló ń bí mi tí mo fi mú bírò.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni wọ́n ń yin ọmọkùnrin kan létí mi. Wọ́n ní ọwọ́ rẹ̀ yá. Wọ́n ní ẹnì kan gbé kọ̀ǹpútà àbúrò rẹ̀ wá láti Ìnísà pé kó bá àwọn fi NVDA tuntun, ètò tó ń ka ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà sókè fún ẹni tí kò ríran, sí i, àti pé kí ẹni náà tó ra omi mu tán, iṣẹ́ ti parí. Wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún un. N kò bá wọn pa á, nítorí ọmọbìnrin tó ni kọ̀ǹpútà náà ti wá sọ́dọ̀ mi. Kò ríran láti kékeré. Ilé ẹ̀kọ́ gíga ló wà, ó sì ní iṣẹ́ tó gbọ́dọ̀ fi sílẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ náà. Ohun tó kọ́kọ́ sọ ni pé, “Bàbá, ẹ̀rọ mi ò mọ̀ mí mọ́.”

Mo jókòó tì í, mo ní kó tẹ ohun tó máa ń tẹ̀ kí n gbọ́. Ẹ̀rọ ń sọ̀rọ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ohùn mìíràn ni, kì í ṣe èyí tí etí rẹ̀ ti mọ́. Ó ń sáré níbi tó yẹ kó rọra. Nígbà tó dé orúkọ olùkọ́ rẹ̀, ó pè é ní ìpèkúpè débi pé ọmọbìnrin náà ní láti máa tẹ̀ ẹ́ ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan kó tó mọ ẹni tí wọ́n ń wí.

Mo bi ọmọkùnrin náà bó ṣe ṣe é, kò sì fi ohunkóhun pamọ́ fún mi, nítorí kò tíì mọ̀ pé nǹkan bàjẹ́. Ó ní òun kọ́kọ́ pa ohùn náà kí òun tó bẹ̀rẹ̀, torí ariwo rẹ̀ ń dí òun lọ́wọ́. Ohùn tí ẹlòmíràn fi ń ríran ni ọmọ yìí ń pè ní ariwo! Lẹ́yìn náà ló wá tẹ update. Gbogbo yín lẹ mọ̀ pé bí NVDA bá ń bọ́ sí ẹ̀yà àkọ́kọ́ nínú ọdún, èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ parí sí .1, ó máa ń sọ fún yín pé àwọn add-on kan, ìyẹn àwọn àfikún tí ẹlòmíràn ṣe fún un, kò bá ẹ̀yà tuntun mu, pé òun yóò pa wọ́n tì. Àpótí kékeré kan máa ń wà níbẹ̀ tí ẹ gbọ́dọ̀ fi àmì sí, pé ẹ ti gbọ́, ó sì ti yé yín. Ọmọkùnrin náà fi àmì sí i. Ta ló gbọ́? Ta ló yé? Ẹni tó ni ẹ̀rọ wà ní Ìnísà. Ọ̀kan nínú àwọn add-on tí wọ́n pa tì yẹn ló gbé ohùn ọmọbìnrin náà dání. Nígbà tí NVDA tuntun jí tí kò rí ohùn yẹn, ó mú òmíràn tó bá lórí Windows. Ohùn jáde, ọmọkùnrin náà gbọ́ ọ, ó sì gba owó rẹ̀.

Ohun tó dùn mí jù ni ìwé atúmọ̀ ohùn rẹ̀. Ẹ mọ̀ ọ́n, àwọn speech dictionary tó wà lábẹ́ Preferences. Mẹ́ta ni wọ́n: èyí tó wà fún gbogbo ohùn, èyí tó wà fún ohùn kan ṣoṣo, àti èyí tó ń pa rẹ́ nígbà tí a bá pa ẹ̀rọ. Èyí tó wà fún ohùn kan ṣoṣo ni ọmọbìnrin yìí ń lò. Láti ọjọ́ tó ti wọ ilé ẹ̀kọ́ ló ti ń kọ orúkọ sínú rẹ̀. Bí ohùn Gẹ̀ẹ́sì náà bá ṣi orúkọ kan pè, yóò ṣí ìwé náà, yóò kọ orúkọ bó ṣe wà nínú ìwé sí apá kan, yóò kọ ọ́ sí apá kejì ní ọ̀nà tí ohùn òyìnbó yóò fi pè é bí ó ṣe yẹ, yóò tẹ́tí, yóò tún un kọ, títí ohùn náà yóò fi pe Ìnísà bí ọmọ Ìnísà ṣe ń pè é. Orúkọ ìyá rẹ̀ wà níbẹ̀, ti àwọn olùkọ́ rẹ̀ wà níbẹ̀, ti àwọn ìlú tó kọ nípa wọn nínú iṣẹ́ rẹ̀ wà níbẹ̀. Fáìlì náà kò sọnù. Ó ṣì wà nínú fódà rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohùn yẹn ni wọ́n so ó mọ́. Bí ohùn kò bá sí, NVDA kò ní ṣí i wò.

Agbègbè wa yìí kì í ṣe ibi tí wọ́n ti ń fi orúkọ ṣeré. Òkukù tiwa yìí ni Karin Barber, onímọ̀ nípa oríkì, ti jókòó ti àwọn obìnrin akéoríkì tó sì ti kọ ìwé ńlá nípa wọn, tó jáde ní 1991. Ẹni tó dàgbà sí ibi tí wọ́n ti ń ki èèyàn báyẹn, tí ẹ̀rọ wá ń ba orúkọ ìyá rẹ̀ jẹ́ sí i létí lójoojúmọ́, ṣé ẹ rò pé ọ̀rọ̀ kékeré ni?

Kí ni ọmọkùnrin náà ìbá ṣe? Ohun tí mo ti ń pariwo rẹ̀ láti ìgbà tí mo ti ń kọ́ yín: kó kọ́kọ́ tọ́jú ohùn àná. Kí ẹ tó tẹ update, ẹ lọ sí Tools, ẹ tẹ Create portable copy, ẹ fi ẹ̀dà NVDA tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ náà sórí fíláàṣì, kí ẹ sì rí i pé àmì wà nínú àpótí tó ní kó kó ètò oníkọ̀ǹpútà náà dání. Ohùn rẹ̀, add-on rẹ̀, ìwé orúkọ rẹ̀, bó ṣe fẹ́ kó sáré tó, gbogbo rẹ̀ ni yóò tẹ̀ lé e. Ẹ kúkú mọ ibi tó wà. Ẹ kì í ṣe é ni.

Nígbà tí mo bá sọ báyìí, ẹlòmíràn á ní òun ṣe é, òun dà á sórí fíláàṣì. Dídà á síbẹ̀ nìkan kò tó. Ẹ gbọ́dọ̀ jí i láti orí fíláàṣì náà, kí ẹni tó ni ín jókòó síwájú kíbọ́ọ̀dù, kí òun fúnra rẹ̀ gbọ́ ọ. Ẹ ní kó jẹ́ kí ẹ̀rọ ka orúkọ kan tó ti kọ́ ọ. Bí ó bá pè é bó ṣe yẹ, ìgbà yẹn ni ẹ̀dà yín tó di ẹ̀dà. Mo ti rí fíláàṣì tí wọ́n fi lé oníkọ̀ǹpútà lọ́wọ́ pé ohun gbogbo wà lórí rẹ̀, tó jẹ́ pé ìdajì ọ̀nà ni iná ti lọ, tí ẹnikẹ́ni kò sì padà wò ó.

Lẹ́yìn náà, ẹ kọ́ ọwọ́ oníkọ̀ǹpútà náà. Ọ̀rọ̀ yìí gan-an lẹ máa ń fò. Lọ́jọ́ tí ẹ̀yà tuntun bá dákẹ́, kò ní gbọ́ nǹkan kan tí yóò fi wá fíláàṣì yín kiri. Ọwọ́ rẹ̀ ni yóò ṣe é nínú ìdákẹ́jẹ́. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí ẹ̀dà náà wà ní ìta gbangba lórí fíláàṣì, kì í ṣe nínú fódà tó wà nínú fódà. Ẹ kọ́ ọ pé kó tẹ Windows pẹ̀lú R, kó kọ e:\nvda.exe, kó tẹ Enter. Bí lẹ́tà fíláàṣì lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀ bá jẹ́ òmíràn, lẹ́tà yẹn ni kó kọ. Ẹ dán an wò lórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀, ní ojú ihò tí yóò máa kì í bọ̀, kí ohun mìíràn má sí lára rẹ̀. Bó bá mọ Braille, ẹ tẹ lẹ́tà náà lé ara fíláàṣì. Lẹ́tà kan ṣoṣo ni, kò gba àyè: bó bá jẹ́ E, àmì kìíní àti ìkarùn-ún ni. Ẹ sì sọ òótọ́ fún un pé ẹ̀dà orí fíláàṣì kò ní lè ka ojú ibi tí Windows ti ń tọrọ àṣẹ alábòójútó, kí ó má baà rò pé ó bàjẹ́ nígbà tó bá dákẹ́ níbẹ̀.

Ọ̀dọ̀ ọ̀gá mi ni mo ti kọ́ èyí, ní Òṣogbo. Ọ̀gá mi kò ríran. Ó ti kọ́ títẹ̀wé ní Òṣòdì, ní ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ Federal Nigeria Society for the Blind, ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1955, ìka rẹ̀ sì yá ju ti ẹnikẹ́ni tó ríran tí mo bá pàdé nígbà náà. JAWS, ètò tó ń ka ojú kọ̀ǹpútà bíi ti NVDA, ni wọ́n ń lò láyé ọjọ́un. Ted Henter, ẹni tó ń fi alùpùpù sáré ìdíje kí ìjàǹbá mọ́tò tó gba ojú rẹ̀, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ó sì jáde ní 1989. Owó rẹ̀ ju agbára olùkọ́ lọ. Bí o kò bá sanwó, yóò ṣiṣẹ́ fún ogójì ìṣẹ́jú, á dákẹ́, ìwọ á pa kọ̀ǹpútà, ìwọ á tún un tàn. Ogójì ìṣẹ́jú, ogójì ìṣẹ́jú bẹ́ẹ̀ ni àwọn èèyàn fi ka ìwé. Ọ̀gá mi kì í béèrè aago. Ara rẹ̀ ló ń sọ fún un. Á ṣàdédé dákẹ́, á fi iṣẹ́ rẹ̀ pamọ́, á sì fọwọ́ lérí títí ẹ̀rọ yóò fi dákẹ́ bí ó ṣe rò.

Bí ẹ̀yà tuntun bá dé, tí ẹnì kan bá fi sídì rẹ̀ ránṣẹ́ láti Lọ́ńdọ̀nù, ara mi á ti máa yá gágá. Òun kì í jẹ́ kí n fọwọ́ kan nǹkan. Á ní, “Èyí tó ń sọ̀rọ̀ ńkọ́? Ibo lo gbé e sí?” Títí tí mo bá fi ẹ̀yà àtijọ́ sórí kọ̀ǹpútà kejì, tí òun sì gbọ́ ọ, kò sí ohun tó ń jẹ́ tuntun. Ó tún máa ń ní kí n gbé ojú kọ̀ǹpútà, èyí tó ń tàn, lọ sí yàrá kejì, kí n wá fi etí ṣe iṣẹ́ náà. Mo máa ń ráhùn. Ó ní bí mo bá ń fi ojú ṣe é, ara mi ni mò ń ṣe é fún. Ó ti lọ báyìí. Ọjọ́ mélòó kan ni mo máa ń gbé fíláàṣì dání tí mo sì ń gbọ́ ìbéèrè rẹ̀ yẹn.

NVDA dé nígbà tí Michael Curran, ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní Ọsirélíà tí kò ríran, bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 2006, tí James Teh, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí òun náà kò ríran, sì dara pọ̀ mọ́ ọn. Ọ̀fẹ́ ni. Ọ̀gá mi kò kọ́kọ́ gbà á gbọ́. Nígbà tí mo sọ fún un pé ó lè jí láti orí fíláàṣì láìfi sórí kọ̀ǹpútà rárá, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ bá ọ̀fẹ́ nílẹ̀, tí ẹ̀dà alágbèéká kò ná yín ní kọ́bọ̀ lẹ́yìn fíláàṣì, ẹ̀yin ni kò ráyè ṣe é.

Ẹ má sọ fún mi pé ó ṣọ̀wọ́n kí update ba nǹkan jẹ́. Nígbà tí 2019.3 jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ 2020, wọ́n ti gbé NVDA kúrò lórí Python 2, èdè kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi kọ ọ́, lọ sórí Python 3, gbogbo add-on ló sì di èyí tí ẹni tó ṣe é gbọ́dọ̀ tún kọ. Àwọn kan kò padà wá mọ́. Láti 2024.1 ni NVDA kò ti gba Windows 7 mọ́. Ẹ̀yin náà mọ iye kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ tó wà láti Ìkìrun dé Òkukù tí Windows 7 ṣì wà lórí wọn. Ọ̀wọ́ 2023.3 ló gbẹ̀yìn fún wọn. Ẹ fi í síbẹ̀. Mo gbọ́ pé àwọn kan nínú yín ń fọ kọ̀ǹpútà mọ́ pátápátá, ẹ ń fi Windows 10 sí i, kí NVDA tuntun lè wọlé, láìbi ẹni tó ni ín ní nǹkan kan. Bí ẹni tó wó ilé onílé kó lè yí ìlẹ̀kùn padà ni.

Ti fóònù kò gùn. TalkBack, ètò tó ń ka ojú fóònù Android sókè, máa ń ṣe update ara rẹ̀ lóru bí dátà bá wà, kò sì rọrùn láti fi àtijọ́ pamọ́ sórí fíláàṣì. Ẹ pa update aládàáṣe fún òun àti fún ètò tó ń sọ̀rọ̀ nínú Play Store, kí ẹni tó ni ín máa fúnra rẹ̀ yan ọjọ́ tí kò ní iṣẹ́ kánjúkánjú.

Èyí kan kọ̀ǹpútà náà: ẹ má ṣe update ní ọ̀sẹ̀ ìdánwò. Ẹ má ṣe é lẹ́yìn ẹni tó ni ín. Bí ẹ̀gbọ́n bá gbé kọ̀ǹpútà àbúrò wá, ẹ ní kó lọ mú àbúrò wá. Òfin tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní oṣù Ṣẹẹrẹ 2019, pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fi ẹ̀tọ́ abirùn dù ú, mo mọ rírì rẹ̀, ṣùgbọ́n òfin kò ní jókòó ti ọmọbìnrin náà ní òru ọjọ́ tí ẹ̀rọ bá dákẹ́.

Ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti gba owó fún àkókò tí yóò gbà yín. Ẹ sọ iye rẹ̀ fún wọn ní gbangba, kí wọ́n mọ̀ pé iṣẹ́ méjì ni ẹ ṣe. Ẹni tó bá ti ṣe update fún ẹnikẹ́ni láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún yìí láìṣe ẹ̀dà, kó padà lọ bá a, kó bi í léèrè ohùn tó ń lò tẹ́lẹ̀, kó wo àwọn add-on tí wọ́n pa tì, kó wá bá a ṣe ẹ̀dà ohun tó kù. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò bá dá a ṣáṣá, kó mú fíláàṣì tirẹ̀ wá bá mi ní Ìkìrun ní àárọ̀ Sátidé. N kò ní gba owó lọ́wọ́ rẹ̀. Ojú kọ̀ǹpútà nìkan ni yóò bá mi gbé lọ sí yàrá kejì kí a tó bẹ̀rẹ̀.