Ẹ Wọn Kẹ̀kẹ́ Kí Ẹ Tó Ra Ríìmù

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń tún kẹ̀kẹ́ eré àtijọ́ ṣe, ẹ fetí sí mi. Mo ń rí i lemọ́lemọ́: ẹ ó ra ríìmù tó ń dán gbinrin, ẹ ó gbé e délé, kò ní bá kẹ̀kẹ́ mu. Ó ti ṣe èmi náà rí.

Àkọ́kọ́, ẹ ka ihò sípóòkù ara họ́ọ̀bù. Ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ ní 32 níwájú, 40 lẹ́yìn. Ríìmù oníhò 36 kò wúlò fún wọn.

Èkejì, ẹ ka nọ́ńbà ara táyà. Ibi tí táyà ń jókòó sí lára ríìmù íńṣì 27 fẹ̀ ní mìlímítà 630, ti 700C jẹ́ 622. Táyà ọ̀kan kò ní jókòó dáadáa sórí èkejì. Bí ẹ bá fẹ́ fi 622 rọ́pò 630, rọ́bà bíréèkì gbọ́dọ̀ lè sọ̀kalẹ̀ ní mìlímítà 4. Ẹ kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n.

Ẹ̀kẹta, ẹ má tìtorí dídán yan ríìmù onírin. Lọ́jọ́ òjò kan, mo fún bíréèkì pinpin, kẹ̀kẹ́ ṣì ń yọ̀ lọ. Ẹ̀yìn ọkọ̀ kan ni mo ti rí ara mi. Bíréèkì máa ń di ríìmù alumíníọ́mù mú dáadáa jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú òjò.

Ẹ má sì ra sípóòkù kí ríìmù tó tẹ̀ yín lọ́wọ́, torí ríìmù wà lára ohun tó ń sọ bí sípóòkù yóò ṣe gùn tó.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ̀mí yín ló wà lórí ríìmù yẹn. Ẹ má fi ojú lásán yàn án.