Òkúta Lásán Ni, àbí Fọ́sìlì? Ìtọ́sọ́nà fún Ẹni tó Ń Ṣà Á ní Agbogbloshie

Bí ẹ bá rí òkúta tó jọ eegun tàbí ìkarahun ní Agbogbloshie, ẹ kọ́kọ́ béèrè ibi tó ti wá kí ẹ tó máa yẹ ìrísí rẹ̀ wò. Ẹ̀bá odò Odaw àti ọ̀sà Korle ní Accra, Ghana, ni àdúgbò yìí wà. Ilẹ̀ àbàtà ni, púpọ̀ nínú òkúta tó wà lórí rẹ̀ ló sì jẹ́ pé lọ́rì ló dà á síbẹ̀. Òkúta wẹ́wẹ́ tí wọ́n fi ń kọ́lé ní Accra, lápá Shai Hills ni wọ́n ti ń fọ́ ọ̀pọ̀ rẹ̀. Ooru inú ilẹ̀ ló yí irú òkúta bẹ́ẹ̀ padà. Bí ẹ̀dá alààyè kan bá tilẹ̀ wà nínú rẹ̀ rí, ooru náà ti pa á rẹ́. Nítorí náà, bí ẹ bá rí hóró tó ń dán tí wọ́n wọnú ara wọn, tàbí ìlà dúdú àti funfun tó ń lọ́ bọ̀ lára òkúta, ẹ fi í sílẹ̀. Kò sí fọ́sìlì, ìyẹn ẹ̀dá tó ti di òkúta, níbẹ̀.

Òkúta tó máa ń ní fọ́sìlì ni èyí tí omi tẹ́ sílẹ̀ ní ìpele-ìpele: iyanrìn tó ti le, amọ̀ tó ti di òkúta pẹlẹbẹ, àti irú èyí tí wọ́n ń lọ̀ ṣe sìmẹ́ǹtì. Ó dùn mọ́ni pé Accra ní tirẹ̀. Abẹ́ ìlú náà àti etíkun rẹ̀ ni òkúta tí àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ń pè ní Accraian wà. Sáà Devonian ló ti wá, sáà tó parí ní nǹkan bí mílíọ̀nù 359 ọdún sẹ́yìn. Ní 1963, J. M. Saul, A. J. Boucot àti R. M. Finks tẹ ìwádìí jáde lórí àwọn ẹ̀dá inú òkun tó wà nínú rẹ̀. Lára wọn ni brachiopod (ẹ̀dá oníkarahun méjì) àti trilobite (ẹ̀dá olóríkèé).

Ohun tí ẹ máa wá lára òkúta ni ìlànà tó ń tún ara rẹ̀ ṣe. Ara ẹ̀dá alààyè kì í ṣe jákujàku. Ìkarahun brachiopod méjèèjì kì í dọ́gba, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fa ìlà sí àárín ọ̀kan, apá ọ̀tún rẹ̀ yóò bá apá òsì mu. Ti ìkarahun aláwẹ́ méjì tí wọ́n ń kó nínú ọ̀sà yàtọ̀: awẹ́ kan bá èkejì mu, àmọ́ ẹyọ kan ṣoṣo máa ń wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ní ti trilobite, ìlà méjì pín ẹ̀yìn rẹ̀ sí mẹ́ta lóòró, oríkèé tẹ́ẹ́rẹ́ sì tò léra lọ sísàlẹ̀. Gíláàsì kékeré tó ń mú nǹkan tóbi ní ìlọ́po 10 ti tó láti rí i. Bí ẹ bá wò ó títí tí ẹ kò rí ju ihò, ìlà sísán àti àwọ̀ lọ, òkúta lásán ni.

Ohun tó máa ń tan àwọn tó ń bẹ̀rẹ̀ jẹ jù ní Agbogbloshie ni ìdàrọ́. Ìjọba wó ọjà irin àlòkù ibẹ̀ ní oṣù Keje 2021, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n ti fi yọ́ alumíníọ̀mù níbẹ̀ láti fi ṣe ìkòkò, ohun tó ṣẹ́ kù nínú iná ṣì wà nínú ilẹ̀. Ìdàrọ́ dúdú, ó kún fún ihò, ó sì jọ eegun àtijọ́ gan-an. Ẹ wo àwọn ihò náà dáadáa. Afẹ́fẹ́ ló lu ti ìdàrọ́, torí náà wọ́n rí roboto, ńlá àti kékeré dà pọ̀ mọ́ra, ibi tó ṣẹ́ sì máa ń dán. Eegun ní èèpo líle lóde, inú rẹ̀ sì rí wúruwùru bí inú búrẹ́dì. Bí òòfà bá gbé ohun tí ẹ rí, ẹ tètè fura sí i. Bí kò bá gbé e, ìyẹn nìkan kò sọ ọ́ di eegun, torí òòfà kì í gbé alumíníọ̀mù.

Yangí náà máa ń ṣù bí ẹyin tàbí ìka ẹsẹ̀. Bí ẹ bá rí èyí tó ti là, ẹ wo inú rẹ̀: ìpata ni, kò ní ètò kankan. Kọnkéré tí wọ́n fi iyanrìn òkun pò máa ń ní ìkarahun gidi nínú, ṣùgbọ́n ìkarahun àná ni. Àwòrán dúdú tó yọ ẹ̀ka bí ewé lára òkúta pẹlẹbẹ, èròjà inú omi ló yà á. Ewé gidi máa ń ní iṣan àti igi àárín.

Bí ẹ bá sì rí òkúta tó jọ orí àáké, tí ara rẹ̀ ń dán, ẹdùn àrá ni. Nyame akuma ni àwọn Akan ń pè é. Ọwọ́ ènìyàn ló lọ̀ ọ́, kì í ṣe fọ́sìlì. Mo bẹ̀ yín, ẹ má gbé e kúrò, ẹ má sì tà á. Ẹ fi tó Ghana Museums and Monuments Board létí.

Ọ̀pọ̀ ìwé ìtọ́sọ́nà ní kí ènìyàn fi ahọ́n kan òkúta, torí eegun àtijọ́ máa ń lẹ̀ mọ́ ahọ́n. Ẹ má dán an wò ní Agbogbloshie láé! Wọ́n ti sun wáyà láti yọ bàbà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, òjé sì wà nínú ilẹ̀ náà. Ìwádìí kan tó jáde ní 2019 fi hàn pé ẹyin kan ṣoṣo láti ara adìẹ tó ń jẹ̀ kiri níbẹ̀ ní májèlé dioxin tó fi ìlọ́po 220 ju ìwọ̀n tí àjọ Yúróòpù gbà fún àgbàlagbà lóòjọ́. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ kí ẹ tó jẹun, ẹ má sì mú ọmọdé lọ. Dípò ahọ́n, bí ẹ bá fẹ́ dá eegun màlúù tuntun mọ̀, ẹ fi abẹ́rẹ́ gbígbóná kan ibi kékeré lára rẹ̀ níta gbangba: eegun tuntun yóò rùn bí irun tó jóná. Dúdú tó dúdú kò túmọ̀ sí pé ó ti pẹ́, torí ẹrẹ̀ ọ̀sà máa ń sọ eegun di dúdú.

Ní tèmi, etíkun Accra ló yẹ kí ẹ ti kọ́ ojú yín, ibi tí òkúta ṣì wà ní ìpele rẹ̀. Ẹni tó bá lè dé Ewékorò ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, tí ó sì gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn tó ń wa òkúta sìmẹ́ǹtì, yóò rí ìkarahun àti alákàn tó ti di òkúta. Ní Hahotoé ní Tógò, eyín àkurákudà ló wà nínú fọ́síféètì: orí rẹ̀ ń dán, gbòǹgbò rẹ̀ kò dán.

Èyí tó bá dá yín lójú, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ níbi tó wà, kí ẹ fi owó ẹyọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí a lè mọ bó ṣe tóbi tó. Ẹ kọ ọjọ́, ibi tí ẹ ti rí i àti irú òkúta tó yí i ká sórí ìwé, kí ẹ wé ìwé náà pọ̀ mọ́ ọn. Ẹ má fi fínígà fọ̀ ọ́, torí ó máa ń jẹ ìkarahun. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé e lọ sí ẹ̀ka ìmọ̀ ilẹ̀ ní Yunifásítì Ghana, Legon, kí ẹ sì sọ ibi tí ẹ ti mú un kí ẹ tó sọ ohun tí ẹ rò pé ó jẹ́.