Àkọsílẹ̀ Ẹ̀kọ́: Atalẹ̀ àti Sẹ́ẹ̀lì Ẹ̀jẹ̀ Funfun

Kíláàsì: SS 2
Iṣẹ́: Bàọ́lọ́jì
Ohun èlò ìkọ́ni: atalẹ̀ tútù, atalẹ̀ gbígbẹ, ata rodo, ọ̀bẹ

Èròńgbà
Kí akẹ́kọ̀ọ́ lè ṣàlàyé ohun tó ń mú atalẹ̀ ta, àti bí ohun náà ṣe kan ààbò ara lọ́wọ́ àrùn.

Ìfáárà
Gé atalẹ̀ tútù pẹlẹbẹ, kí o sì fún akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan ní bíńtín kí ó rún un. Má fipá mú ẹnikẹ́ni. Tí títa rẹ̀ bá ti dé ọ̀nà ọ̀fun wọn, bi wọ́n léèrè: kí ló ń ta yín?

Èròjà tó ń ta
Gingerol ni. Inú atalẹ̀ tútù ló pọ̀ sí. Bí a bá sá atalẹ̀ títí ó fi gbẹ, apá kan gingerol á di shogaol, èyí tó ta jù ú lọ. Bí a bá sè é, apá kan á di zingerone, tí kò ta tó bẹ́ẹ̀.

Lára iṣan ìmọ̀lára ahọ́n ni purotéènì kan wà tó ń jẹ́ TRPV1, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti mọ ooru. Gingerol ń ta á jí, capsaicin inú ata rodo náà ń ta á jí, ìdí nìyẹn tí ẹnu fi ń gbóná láìsí iná níbẹ̀. Ọdún 1997 ni David Julius àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà tú àṣírí purotéènì yìí. Iṣẹ́ yìí wà lára ohun tó mú kí Julius gba ẹ̀bùn Nobel ní 2021.

Ohun tí wọ́n rí ní Jámánì
Dúró níbí dáadáa, torí òun gan-an ni ẹ̀kọ́ òní. Neutrophil ni ó tó ìdá méjì nínú mẹ́ta sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun wa. Ó dà bí ọdẹ àdúgbò: òun ló ń kọ́kọ́ débẹ̀ bí bakitéríà bá wọlé. Ní 2023, Veronika Somoza àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé ìwádìí Leibniz kan ní Freising, nítòsí Munich, gbé iṣẹ́ wọn jáde. Wọ́n rí i pé TRPV1 wà lára neutrophil pẹ̀lú. Wọ́n wá fi gingerol bíi máíkrógíráàmù 15 nínú lítà kan kàn án, ìwọ̀n tó lè wà nínú ẹ̀jẹ̀ ẹni tó mu tíì atalẹ̀ lítà kan. Nígbà tí wọ́n fi èròjà tó ń ṣe bíi bakitéríà dán an wò, ìgbóguntì neutrophil náà fi nǹkan bí ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún le sí i. Nígbà tí wọ́n dí TRPV1, agbára náà kò hàn mọ́.

Ibi tí ìmọ̀ dé
Inú ìgò àyẹ̀wò ni wọ́n ti ṣe ìwádìí ti Jámánì yìí, kì í ṣe lára aláìsàn. Lọ́dún kan náà, àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà fún àwọn tí ara wọn le ní oògùn atalẹ̀ fún ọjọ́ 7. Neutrophil wọn kò tètè tú àwọ̀n tó fi ń mú bakitéríà síta mọ́, àwọ̀n tó máa ń dá kún wàhálà nínú àìsàn bíi lupus, níbi tí ààbò ara ti ń bá ara jà. Nítorí náà, gbólóhùn “atalẹ̀ ń fún ààbò ara lágbára” kò tó. Atalẹ̀ ń mú un gbóná níbì kan, ó sì ń tù ú níbòmíràn.

Ìgbéléwọ̀n
Kí ló so ahọ́n àti neutrophil pọ̀? Kí nìdí tí àyẹ̀wò inú ìgò kò fi tó láti pe atalẹ̀ ní oògùn?

Iṣẹ́ àṣetiléwá
Kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ bí wọ́n ṣe ń lo atalẹ̀ nílé wọn sílẹ̀: tútù, gbígbẹ, tàbí sísè. Kí wọ́n tó jáde, jọ̀wọ́ sọ fún wọn pé ẹni tó ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì gbọ́dọ̀ bi dókítà rẹ̀ kó tó máa mu atalẹ̀ líle lójoojúmọ́.